Òkè Agbohùn àti Ọdẹ Tí Wọ́n Ṣípà Rẹ̀ Láàyè

Ẹ jókòó, kí ẹ sì jókòó dáadáa, nítorí inú ń bí mi lónìí. Ìwọ tó ń jẹ ẹ̀pà níbẹ̀ yẹn, gbé e mì tàbí kí o tu ú dànù. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò fẹ́ ariwo eyín. Ẹ rí mi tí mo ti darúgbó, ẹ rò pé ẹsẹ̀ mi kò kọjá ẹ̀yìn ọgbà rí. Ẹsẹ̀ yìí ti tẹ ibi tí ilẹ̀ gbóná débi pé ejò ń wá bàtà wọ̀! Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́rìnlọ ará Ìdí-Ọdán ni, ọdẹ tí àwa ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣípà rẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìdí sì nìyẹn tí inú fi ń bí mi.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ, ẹ jẹ́ kí n là yín lóye. Bí ọdẹ bá kú, a kì í kàn sin ín ká lọ sílé lọ jẹun. Àwa ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kó aṣọ ìgbẹ́ rẹ̀, àpò rẹ̀ àti ìkòkò tó fi ń se ọbẹ̀ nínú ìgbẹ́, ká gbé wọn lọ sí ìkòríta inú igbó, ká pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ká wá kẹ̀yìn sí i. Ìṣípà nìyẹn. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí lára wa mọ́. Oògùn rẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n mọ́, ìbọn rẹ̀ kò ní jẹ́ tirẹ̀ mọ́, a kò ní bá a pín ẹran, aya rẹ̀ yóò sì wọ aṣọ opó. Ẹni tí a bá ti ṣípà rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà tí à ń gbà fà á padà wọlé.

Ọdẹ́rìnlọ àti Ògúnníran ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ tọ agbo ẹfọ̀n kan lọ títí wọ́n fi kọjá ibi tí igi ń hù dé. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì láyé ìgbà náà, ẹ ti rí èkejì. Wọ́n dé inú aṣálẹ̀, eruku dìde, ó bo ojú ọ̀run, kò sí ẹni tó rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn oṣù kan, Ògúnníran nìkan ló dé. Ètè rẹ̀ ti bó, ohùn rẹ̀ ti há débi pé a ní láti gbé etí sí i lẹ́nu ká tó gbọ́ ohun tó ń wí. Ó ní, "Mo pè é títí. Kò dáhùn." A dúró de Ọdẹ́rìnlọ títí òjò fi rọ̀ tó sì dá. Kò yọjú. A bá ṣípà rẹ̀.

Ta ló ń pòṣé níbẹ̀ yẹn? Ká ní ìwọ ni, kí lò bá ṣe?

Àṣé Ọdẹ́rìnlọ kò kú. Àwọn Fúlàní darandaran ló rí i níbi tó ṣubú sí, wọ́n ń fi wàrà pa á lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi là. Àìsàn òùngbẹ náà dá a dùbúlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn fún oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà á, ó kọrí sílé. Ojú tí Àńkẹ́ ìyàwó rẹ̀ yóò fi rí òun ló ń rò ní gbogbo ọ̀nà, ó ti ń dá rẹ́rìn-ín kó tó dé.

Ọ̀sán gangan ló wọlé. Àńkẹ́ ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé, aṣọ dúdú wà lára rẹ̀.

"Àńkẹ́!"

Obìnrin náà gbójú sókè, ó rí i, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ara rẹ̀.

"Àńkẹ́, èmi mà ni. Ṣé o kò dá mi mọ̀ ni?"

Omijé ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dáhùn. Ní Ìdí-Ọdán, ọmọ kékeré pàápàá mọ̀ pé ẹni tí òkú bá pè tó bá jẹ́ ẹ, òkú náà yóò mú un lọ. Ọdẹ́rìnlọ pè é títí inú fi bí i. Ó fi ẹsẹ̀ ta agbada gàrí náà, gbogbo rẹ̀ dà sínú erùpẹ̀. "Ṣé ewúrẹ́ ló ń ké ni? Èmi ni mò ń pè ọ́!" Àńkẹ́ sá wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Ilé Olúọdẹ ni Ọdẹ́rìnlọ gbà lọ tààrà, níbi tí àwa ẹgbẹ́ ọdẹ ti ń ṣe ìpàdé. A rí i, a sún sẹ́yìn. Èmi alára tí mo ti di ẹkùn nírù mú rí, mo sún sẹ́yìn, n kò ní purọ́ fún yín.

"Ta ló ní mo ti kú?" Kò kí ẹnikẹ́ni.

Gbogbo ojú lọ sára Ògúnníran. Ó dìde, ó fẹ́ lọ dì mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó rántí pé a kì í fọwọ́ kan ẹni tí a ti ṣípà rẹ̀, ó dúró. Ó fi ohùn rẹ̀ tó há náà sọ pé, "Mo pè ọ́, Ọdẹ́rìnlọ. Mo pè ọ́ títí."

"Irọ́ lò ń pa! Ọmọ ènìyàn kankan kò pè mí nínú eruku yẹn. Iwin nìkan ló pè mí, ó ń fi orúkọ mi ṣeré, mo sì ṣe bí ọdẹ, mo panu mọ́. Ìwọ sá ni! O rí ikú, o sá, o wá kó irọ́ wálé!"

Ẹ̀rín kí lẹ̀ ń rín? Ẹ gbé ẹ̀rín yín sápò. Gbogbo ọdẹ ló mọ̀ pé bí a bá pe èèyàn ní aginjù tí kò rí ẹni tó pè é, kò gbọdọ̀ jẹ́. Òfin tó dá ẹ̀mí èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ sí nìyẹn.

Olúọdẹ fi ara balẹ̀ bi í pé, "Ṣé kì í ṣe Ògúnníran lo gbọ́?"

"Bàbá, ṣé n kò mọ ohùn ọ̀rẹ́ mi ni? Èyí tí mo gbọ́ ń há, ó ń sunkún. Ẹ má bá a wá àwáwí."

"Ó dáa," ni Olúọdẹ wí. "Ọ̀rọ̀ yín ti kọjá ẹnu mi. Gbogbo ìpè tí wọ́n bá pè nínú aṣálẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́, orí Òkè Agbohùn ni afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Gba akèrègbè yìí, kí o lọ síbẹ̀, kí o fi gbé ìpè náà wá fún wa gbọ́. Bí o kò bá bá ìpè Ògúnníran lórí òkè náà, ó purọ́. Òun ni a ó ṣípà láàyè, ìwọ yóò sì gba ipò rẹ padà láàrin wa. Ṣùgbọ́n bí o bá bá a níbẹ̀, a jẹ́ pé ó pè ọ́, o kò dáhùn. Ìṣípà rẹ dúró títí ayé nìyẹn."

"Òfìfo ni yóò bá mi bọ̀!" Ọdẹ́rìnlọ já akèrègbè náà gbà, ó tutọ́ sílẹ̀ níwájú Ògúnníran, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

N kò ní máa ka ọjọ́ fún yín. Igbó Olójú-Orúnkún ló kọ́kọ́ wọ̀, níbi tí àwọn iwin ti ní ojú lórí eékún, tí wọ́n ń wo èèyàn láti ìsàlẹ̀. Wọ́n yí i ká. Ó na ìbọn, ìbọn kò dún. Ó fọwọ́ kan àféèrí rẹ̀ kó lè pòórá, oògùn náà bi í léèrè pé, "Ta nìyẹn?" Ẹ ò rí nǹkan bí? Oògùn tí òun fúnra rẹ̀ jó, tó gún, tó rán mọ́ awọ! Ọdẹ́rìnlọ bú oògùn, ó bú ìbọn, ó bú àwọn iwin, ó bú wọn láti orí eékún dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó bú ìyá tó bí wọn àti agbẹ̀bí tó gbà wọ́n. Kò dánu dúró láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Àwọn iwin náà wo ara wọn, wọ́n ní èyí tí inú ń bí tó báyìí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ìbátan àwọn. Wọ́n yà fún un.

Ibi tí igbó parí sí ni ìlú kan wà tó ń jẹ́ Máṣedárúkọ. Òjò kò rọ̀ níbẹ̀ láti ìgbà tí bàbá ńlá ọba wọn ti wà lọ́mọdé. Kànga kan ṣoṣo ni wọ́n ní, wọ́n sì gbàgbọ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀, yóò gbẹ. Oníbodè kìlọ̀ fún Ọdẹ́rìnlọ: ẹni tó bá dárúkọ rẹ̀, inú kànga àtijọ́ tó ti gbẹ ni wọn yóò jù ú sí. Àlejò tó bá sì fẹ́ mu nínú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dáhùn àlọ́ kan ṣoṣo lẹ́nu ọba.

Wọ́n mú un lọ sójúde ààfin. Ahọ́n rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu.

"Àlọ́ o," ni ọba wí.

"Ààlọ̀."

"Ta ló ń kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹnu yín ti ń yún yín. Àgbàrá òjò ni! Ṣùgbọ́n kí ni àgbàrá bí kì í bá ṣe ohun tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ? Ẹ wo ìkà. Bó bá dáhùn, kànga gbígbẹ. Bí kò bá dáhùn, òùngbẹ. Inú bí Ọdẹ́rìnlọ débi pé ojú rẹ̀ ṣú. Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó kọjá níwájú ọba fìrì, kò kí i, kò wẹ̀yìn, ó kọrí sẹ́nu ibodè. Àwọn ẹ̀ṣọ́ gbé kùmọ̀ sókè. Ọba bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ó ti dáhùn, kò sì dárúkọ."

Ṣé ọgbọ́n ni? Ọgbọ́n kọ́, ìbínú lásán ni, ṣùgbọ́n Ọdẹ́rìnlọ kò jẹ́wọ́ fún wọn. Ó mu títí ikùn rẹ̀ fi le. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ọba sọ fún un pé, "Ọdẹ, inú tó ń bí ọ ló gbà ọ́ là lónìí. Má rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí." Kò tilẹ̀ dúró gbọ́ tán.

Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sí aṣálẹ̀ gan-an. Ilẹ̀ funfun tó ń sán bí àkàrà tó gbẹ, òkúta dúdú, igi ẹ̀gún tí kò léwé, ojú odò tí odò ti fi sílẹ̀ lọ. Alángbá ibẹ̀ ń gbé ẹsẹ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan kí ilẹ̀ má baà jó o. Láàrin gbogbo rẹ̀ ni Òkè Agbohùn dá dúró sí, kò ní ẹlẹgbẹ́. Ó pupa bí amọ̀ ìkòkò, orí rẹ̀ ṣóńṣó, kò sí koríko kan lára rẹ̀ láti ẹsẹ̀ dé orí.

Iwin kan ń ṣọ́ ẹsẹ̀ òkè náà, Gbòǹgbò-Àìlómi lorúkọ rẹ̀. Igi tí òùngbẹ pa láyé àtijọ́ ni, òùngbẹ náà nìkan ló sì kù nínú rẹ̀. Ohunkóhun tó bá tutù lára èèyàn, ló ń fà mu. Ó nawọ́ mú Ọdẹ́rìnlọ lẹ́sẹ̀. Kò sí oògùn, kò sí ìbọn. Eyín àti èékánná ló kù fún ọdẹ wa. Wọ́n wọ ìyá ìjà láti ìdájí títí oòrùn fi kan àtàrí. Gbòǹgbò-Àìlómi fa òógùn rẹ̀ mu, ó fa omijé rẹ̀ mu, ojú rẹ̀ wá yí padà, ó tu ú dànù bí ọmọdé tí wọ́n fún ní ewúro.

"Kí ló korò lára rẹ báyìí?"

"Ọ̀rẹ́ mi ló dalẹ̀ mi!"

"Máa gòkè lọ," ni iwin náà wí, ó ń nu ẹnu. "Máa lọ, o ti bà mí lẹ́nu jẹ́."

Bí Ọdẹ́rìnlọ ṣe fi àyà fà dé orí òkè nìyẹn. Bó ṣe gbórí sókè, ariwo ló gbọ́. Gbogbo ihò àpáta tó wà níbẹ̀ ni ohùn so mọ́ bí àdán. Ìyá ń pe ọmọ tó ṣìnà, darandaran ń pe màlúù, ọkọ ń pe aya, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ wọn. Ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Ìyá Aṣọ́hùn jókòó láàrin wọn pẹ̀lú atẹ lórí itan, ó ń ṣa ohùn bí ẹni ṣa ẹ̀wà, ó sì ń kùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Ọdẹ́rìnlọ ará Ìdí-Ọdán ni mí."

Atẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìwọ ni! Ìwọ tí kò jẹ́ kí n sùn láti èṣí! Ìpè tìrẹ nìkan gba ihò mẹ́ta lórí òkè yìí."

"Ìpè wo, ìyá? Ẹnikẹ́ni kò pè mí."

Ìyá arúgbó náà kò bá a jiyàn. Ó na ọwọ́ sínú ihò kìíní, ó yọ ohùn kan jáde. Ohùn Ògúnníran ni, ó le, ó dún ketekete: "Ọdẹ́rìnlọ o! Níbo lo wà? Ohùn mi ni kí o máa tẹ̀ lé!" Ó yọ ti ihò kejì. Ohùn náà ti ń gbẹ: "Àkànó! Àkànó, dá mi lóhùn. Omi mi kù díẹ̀, n kò ní mu ún. Mo ń so ó mọ́ igi ẹ̀gún tó tẹ̀ sápá ọ̀tún yìí, bí o bá kọjá kí o mu ún. N kò ní lọ láìjẹ́ pé mo gbọ́ ọ." Ó yọ ti ihò kẹta. Ohùn tó há ni, tó ń sunkún, tí kò jọ ti ọkùnrin mọ́: "Ọdẹ́rìnlọ. Òòò péré ni kí o wí. Òòò péré."

Èyí nìkan ló dé etí Ọdẹ́rìnlọ lọ́jọ́ eruku. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí ara rẹ̀ nínú eruku, tó sá sábẹ́ àpáta, tó fọwọ́ di etí, tó ń yin ara rẹ̀ pé òun mọṣẹ́ ọdẹ.

"Iwin lè ṣe bẹ́ẹ̀!" ló pariwo mọ́ ìyá arúgbó náà. "Iwin lè sín ohùn èèyàn jẹ!"

"Iwin wo ló mọ Àkànó?"

Ìyá rẹ̀ tó ti kú àti Ògúnníran nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọdẹ́rìnlọ gbé òkúta, ó ń fi lu àpáta títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó kígbe pé, "Òòò! Ògúnníran, òòò!" Ṣùgbọ́n ohùn kì í ní etí. Ó ṣì ń bẹ̀ ẹ́ pé òòò péré.

Ìyá Aṣọ́hùn da ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú akèrègbè, ó dé e. "Gbé e lọ. Ṣùgbọ́n iyanrìn pọ̀ lọ́nà. Bí o bá dà á sílẹ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí ọ."

Ọdẹ́rìnlọ mọ ohun tí ìyá náà ń wí. Bó bá gbé òfìfo délé, Ògúnníran ni òkú, òun ni alààyè: Àńkẹ́ yóò bọ́ aṣọ dúdú, ìbọn yóò dún, wọn yóò bá a pín ẹran. Bó bá gbé ohùn náà délé, òun ló kú títí láé. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi rìn pẹ̀lú àtàǹpàkò lórí ìdérí. Ohùn náà ń pè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí, inú sì ń bí i sí i, ó ń pariwo mọ́ ọn pé kó dákẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ó jókòó láti ṣí i. Ó gbójú sókè. Igi ẹ̀gún kan tẹ̀ sápá ọ̀tún níwájú rẹ̀, ahá omi Ògúnníran sì so mọ́ ọn. Ewé ni wọ́n fi di ẹnu rẹ̀, wọ́n fi aṣọ tí wọ́n ya lára bùbá dè é. Omi inú rẹ̀ ti gbẹ pátápátá. Ọdẹ́rìnlọ mú ọwọ́ kúrò lórí ìdérí. Ó bú igi náà, ó bú Ògúnníran tó ní ọkàn rere tó bẹ́ẹ̀, ó wá bú ara rẹ̀ títí kò fi rí èébú mìíràn mọ́. Ó dìde, ó ń lọ sílé.

Nígbà tó dé, gbogbo wa pé sí ilé Olúọdẹ. Àńkẹ́ dúró lẹ́yìn àwọn èrò. Ọdẹ́rìnlọ ṣí akèrègbè náà láàrin agbo. A gbọ́ gbogbo rẹ̀, látorí ohùn tó le dé èyí tó há. Mo ti rí ikú lẹ́ẹ̀méje, ojú mi kò sì rọ. Lọ́jọ́ yẹn mo gbójú sílẹ̀.

"Ògúnníran kò purọ́," ni Ọdẹ́rìnlọ wí. "Ó pè mí. Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ, mo panu mọ́. Èmi ni òkú, ẹ jẹ́ kí n máa lọ."

Ó yí padà. Ògúnníran fo agbo kọjá, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a létí, ó dún gbàà! Ọdẹ́rìnlọ ṣubú lulẹ̀.

"O gbọ́ mi!" Ohùn rẹ̀ ti padà sípò, gbogbo àdúgbò ló gbọ́. "Mo sunkún títí ọ̀fun mi fi ya! N kò mu omi nítorí rẹ! O wá ń gbọ́ mi, o jókòó síbì kan, o ń ṣe ọdẹ fún mi? Ọmọ àlè! Èmi lo pè ní iwin!"

Olúọdẹ dìde dúró. "Ògúnníran, kí lo gbá?"

"Etí Ọdẹ́rìnlọ ni mo gbá! N óò sì tún gbá a!"

"Ẹ̀yin ọdẹ, ṣé ẹ rí i? Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣípà ọdẹ ní Ìdí-Ọdán, ta ló bínú sí òkú rí tó gbá a létí? A kì í gbá òkú létí. Alààyè là ń gbá."

Gbogbo wa ní òótọ́ ni, alààyè ni Ọdẹ́rìnlọ. Àńkẹ́ ti ń tú aṣọ dúdú lára.

Ṣùgbọ́n Ògúnníran kò gbọ́ gbogbo ìyẹn. Ó tún gbé ọwọ́ sókè, ẹkún ń dà lójú rẹ̀, a rọ́ mọ́ ọn, a ń wí pé ó tó, ó tó, ẹ̀ẹ̀kan ti tó.

"Kò tó!" ni Ọdẹ́rìnlọ wí láti ilẹ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀."

Èmi ni mo di apá ọ̀tún Ògúnníran mú. Mo tú u sílẹ̀. Ó yá, ẹ dìde lórí ẹní mi, kí olúkúlùkù máa lọ sílé rẹ̀.